Honda CG125 bàbá mi máa ń kú tó bá ti gbóná, kì í sítáàtì mọ́ àfi tó bá tutù

Ọmọ Tíṣà (Ọ̀yọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Máṣíìnì bàbá mi ni, Honda CG125 tàtijọ́ yẹn, èyí tó ń lo kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa kí iná lè dé pílọ́ọ̀gì), tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ fóòtì 6. 1983 ni wọ́n rà á nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà lábúlé kan lọ́nà Ìsẹ́yìn, òun ni wọ́n fi ń gbé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ìwé, èmi á jókòó lórí táǹkì, ẹ̀gbọ́n mi á dì mọ́ wọn lẹ́yìn. Láti 2009 tí orúnkún ti ń dùn wọ́n ni wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ilé, páànù la fi bò ó, adìẹ ń yé sábẹ́ ẹ̀. Ọdún tó kọjá ni mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ jí i dìde, wọn ò dá mi lóhùn, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lórí tábìlì mi.

Ohun tí mo ti ṣe nìyí. Epo inú ẹ̀ ti di gọ́ọ̀mù, ó ń rùn bí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń kun àga, mo dà á nù, mo tú kábúrétọ̀, mo fi wáyà tín-ín-rín la gbogbo ojú jẹ́ẹ̀tì. Kíìkì ẹ̀ ò lọ rárá, mo bá yọ pílọ́ọ̀gì, mo da ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú ihò ẹ̀, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà mo kó o sí jíà tó ga jù, mo ń mi táyà ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí písítíìnì fi já. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò tiẹ̀ pé líta kan, mo fọ asẹ́ ọ́ìlì ẹ̀, mo fi pílọ́ọ̀gì tuntun sí i, NGK D8EA. Kíìkì kẹfà ló gbà! Bàbá mi wà ní pálọ̀, wọn ò tíì wọ bàtà tí wọ́n fi jáde.

Wàhálà tó wá kù ni pé tó bá ti ń ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 15, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á kú. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ kíìkì ẹ̀ tó, kò ní gbà. Tí mo bá fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 40 á tún gbà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mo gbé e lọ bá mẹ́káníìkì kan ládùúgbò, ó pààrọ̀ kọ́ìlì tó ń lọ sí pílọ́ọ̀gì, ohun kan náà ló ń ṣe. Ó tún yọ kábúrétọ̀, ó fi tuntun sí i, ohun kan náà. Ó wá ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn sọ nù, kí n ra ti Ṣáínà gbé sí i. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, èmi náà ò fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Sípánà (Ìbàdàn):

Àbúrò, o káre, bó o ṣe fi sùúrù já písítíìnì yẹn dùn mọ́ mi nínú, ọ̀pọ̀ ni wọ́n máa ń dúró lé kíìkì títí ríńgì á fi ṣẹ́. Má ra nǹkan kan mọ́ báyìí. Kọ́ìlì tuntun, kábúrétọ̀ tuntun, owó lo ti ná yẹn, ẹnì kankan ò sì tíì wo máṣíìnì náà lásìkò tó kú gan-an. Tó bá ti tutù, àìsàn ẹ̀ ti lọ, kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀?

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. To pílọ́ọ̀gì kejì, sípánà pílọ́ọ̀gì, sikurudáífà àti ike kékeré sílẹ̀ kó o tó gùn ún, kó o má jìnnà sílé. Tó bá ti kú, kó o tó ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún, ohun mẹ́ta ni kó o wò. Èkíní, tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà nísàlẹ̀ abọ́ kábúrétọ̀, gbé ike sábẹ́ ẹ̀, tí epo bá ń ṣàn dáadáa tí kò dáwọ́ dúró, epo ò mọ̀ nípa ẹ̀, tó bá sun díẹ̀ tó dá, a jẹ́ pé epo ni. Dí nọ́ọ̀tì yẹn padà kó o sì gbé ike epo jìnnà réré kó o tó ṣe èkejì o, torí iná ló kàn. Èkejì, fi pílọ́ọ̀gì kejì yẹn sínú fìlà ẹ̀, jẹ́ kí ara ẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, dúró síbi tí òjìji wà kó o kíìkì. Kọ́rẹ́ǹtì tó bá dáa á funfun bí ẹni tó ní búlúù nínú, á sì máa ta pápá, èyí tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú, kò lè jó epo nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kẹta, fi ọwọ́ ti kíìkì lọ sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣé ó ṣì ń tì ẹ́ padà bó ṣe ń ṣe tó bá tutù, àbí ó ti fúyẹ́? Tó bá fúyẹ́, fáálífù, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín ń gbà jáde, ò padé.

Ṣe é, kó o wá sọ fún mi. Má ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, èéfín sàlẹ́ńsà máa ń pa èèyàn láìjẹ́ kó mọ̀.

Ará Kétu (Benin):

Ẹ kú ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n. Kí ó tó tú ohunkóhun, kó kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó bá kú. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí yẹn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tó bá dí, epo á máa lọ lọ, nígbà tó bá yá kò ní lè lọ mọ́, máṣíìnì á kú, ẹ ó sì gbọ́ fíìì tí ẹ bá ṣí i. Temi ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì, gbogbo èèyàn ní kpayo, epo inú ìgò tí mò ń rà lẹ́bàá títì, ló bà á jẹ́, mo tiẹ̀ ti ń bá obìnrin tó ń tà á fún mi jà, àṣé ẹrẹ̀ tí agbọ́n mọ sínú ìdérí ni. Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀.

Táǹkì tó ti wà láti 2009 á ti dípẹtà nínú náà. Fínígà ni kó o dà sí i, kó kún, da bóòtù àti nọ́ọ̀tì bí ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, fi sílẹ̀ mọ́jú, mì í dáadáa, dà á nù, fi omi àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì fọ̀ ọ́, kó o wá tètè fi epo díẹ̀ ṣan án torí ìpẹtà á tún padà láàárín wákàtí kan. Bó o ṣe ń kó bóòtù sí i ni kó o kà á kó o tó lè mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ jáde. Àwọn kan máa ń lo áásíìdì bátìrì, má dán an wò, irin fúnra ẹ̀ ló ń jẹ, tó bá sì ta síni lójú ó lè fọ́jú èèyàn.

Ọmọ Tíṣà:

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣe é lánàá. Mo gùn ún yí pápá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ilé wa ká, ìṣẹ́jú 17 ló lò kó tó kú. Mo ṣí ìdérí táǹkì, kò dún, kò sì gbà. Mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, epo ń ṣàn wàà, mo ní láti sáré dí i. Kíìkì ẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ àmọ́ kì í ṣe pé ó fúyẹ́ pátápátá. Kọ́rẹ́ǹtì gan-an ni ohun tó bà mí lẹ́rù, pupa rẹ́súrẹ́sú ni, nígbà míì kò tiẹ̀ wá rárá. Mo wá yọ ìdérí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi kíìkì, mo ń yọjú wo kọ́ńtáàtì láti ojú ihò mágínẹ́ẹ̀tì, irin róbótó tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo rí iná tó ń bẹ́ níbẹ̀ ṣáṣá. Nígbà tó tutù tán kọ́rẹ́ǹtì ti funfun padà.

Bàbá Sípánà:

A ti mú un. Kọ̀ńdẹ́ńsà ni.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé kó o lè mọ ohun tó ò ń tún ṣe. Ìgbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí ni kọ́ìlì máa ń ju kọ́rẹ́ǹtì sí pílọ́ọ̀gì, àmọ́ kọ́rẹ́ǹtì tó ti ń gba ojú kọ́ńtáàtì kọjá tẹ́lẹ̀ ò fẹ́ dúró, ó fẹ́ fò kọjá àlàfo yẹn. Kọ̀ńdẹ́ńsà ló máa ń gbà á mọ́ra. Tí kọ̀ńdẹ́ńsà bá ti kú, kọ́rẹ́ǹtì á máa bẹ́ lójú kọ́ńtáàtì bó o ṣe rí i yẹn, á jó ojú ẹ̀ dúdú, ìwọ̀nba tó bá kù ló máa dé pílọ́ọ̀gì. Èyí tó ti gbó máa ń ṣe dáadáa tó bá tutù, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń ṣí àṣírí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́ìlì tuntun ò fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Wá sí Àráròmí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Géètì n'Ìbàdàn níbí, mú ti àtijọ́ dání, má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán tà á fún ẹ. Tó ò bá rí ojúlówó, kọ̀ńdẹ́ńsà máṣíìnì mìíràn tó ń lo kọ́ńtáàtì á ṣe é, ká ti rí èyí tó wà láàárín 0.2 sí 0.3 máíkírófàrádì. Èmi kì í dá a padà síbi tó gbóná mọ́, mo máa ń fa wáyà ẹ̀ síta, màá dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì lábẹ́ táǹkì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ kan irin tó mọ́ o. Fi sáńpépà tó kúnná nu ojú kọ́ńtáàtì, tó bá ti jó jìn kó o pààrọ̀ ẹ̀. Àlàfo ẹ̀ 0.3 sí 0.4 mìlímítà. Lẹ́yìn náà yí mágínẹ́ẹ̀tì títí àmì F á fi bá àmì ara ẹ́ńjìnnì dọ́gba, ibẹ̀ gan-an ni kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Kíìkì tó fúyẹ́ díẹ̀ yẹn náà ò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà lórí fáálífù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, láàárọ̀ kó o tó sítáàtì rárá. Yí mágínẹ́ẹ̀tì dé àmì T, fọwọ́ mi apá fáálífù méjèèjì, tí méjèèjì bá mì díẹ̀ ibi tó yẹ lo wà, tí ọ̀kan bá le yí i lẹ́ẹ̀kan sí i pátápátá. 0.08 mìlímítà ni, méjèèjì. Ra fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, má fi bíléèdì dá a wò.

Démọ́lá Peckham (Lọ́ńdọ̀n):

Ẹ máa bínú, èmi ò rí ìdí tí kò fi ní kúkú yọ kọ́ńtáàtì kúrò kó fi CDI sí i, àpótí kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtáàtì láìsí irin tó ń ṣí tó ń pa, kò ní sí àtúnṣe kankan mọ́. Níbí, CG125 ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ máṣíìnì, èyí tó ní CDI tí mo lò, mi ò tú ibẹ̀ rí.

Bàbá Sípánà:

Démọ́lá, òótọ́ lo sọ nípa CDI, àmọ́ kì í ṣe pé kó kàn so àpótí kékeré mọ́ ọn. Á ní láti pààrọ̀ mágínẹ́ẹ̀tì àti kọ́ìlì ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀, èyí tó bá sì rà lọ́jà lè máà jókòó dáadáa lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti 1983, mo ti rí èyí tó já dànù lórí eré. Ohun tó bàjẹ́ kéré sí àtàǹpàkò mi. Jẹ́ ká tún un ṣe ná.

Ṣadé Onímáṣíìnì (Abẹ́òkúta):

Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ ń sọ, kò sẹ́ni tó béèrè táyà. Bọ̀dá Ọmọ Tíṣà, ẹ wo ara táyà yín, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí róbótó gígùn kan, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Tó bá jẹ́ 2208, ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2008 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ tó yẹn, bí ojú ẹ̀ tiẹ̀ nípọn, rọ́bà ẹ̀ ti gan, kò ní di ilẹ̀ mú tí òjò bá rọ̀. Ẹ ṣí bíréèkì náà, ẹ wo bóyá ṣúù ẹ̀ ò tíì ṣí kúrò lára irin. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí bàbá gùn ún kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Ọmọ Tíṣà:

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Géètì, Àìkú ni mo ṣe gbogbo ẹ̀. Mo de kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì bẹ́ ẹ ṣe wí, mo dá kọ́ìlì àtijọ́ tí mẹ́káníìkì yẹn yọ padà sí i, kò ní àìsàn kankan. Tápẹ́ẹ̀tì ti sàlẹ́ńsà le gírígírí, géèjì ò wọ̀ ọ́ rárá, mo tún un ṣe sí 0.08. Mo sítáàtì ẹ̀ láago mẹ́rin, mo gùn ún dé ìta Ọ̀yọ́ padà, mo jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níwájú ilé títí dago márùn-ún kọjá, mo pa á, mo tún kíìkì ẹ̀ bó ṣe gbóná yẹn, kíìkì kan! Bàbá Sípánà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa, ará Kétu ẹ ṣé, fínígà wà nínú táǹkì lónìí, bóòtù 23 ni mo kà sí i.

Àǹtí Ṣadé, mo wo táyà, ti ẹ̀yìn jẹ́ 3106, ti iwájú ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́rin, mẹ́ta ló ní, ẹni tó ń ta táyà ní ó ti wà kí ọdún 2000 tó dé. Ṣúù bíréèkì ẹ̀yìn sì ti ya. Bàbá mi ti gbé bàtà kan jáde, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sílé ìwé, wọ́n ti kùn ún, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù dọjọ́ Jímọ̀ tí táyà tuntun á fi dé. Èmi ni màá bá wọn kíìkì ẹ̀ torí orúnkún yẹn, wọ́n ní tí mo bá ti kíìkì ẹ̀ tán kí n bọ́ sẹ́yìn.