Ọnà fífín sára ọrun àfọwọ́ṣe: níbo ni ọ̀bẹ lè dé?

Káfíńtà Bẹẹrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ tinú igi. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe níhìn-ín ní Ìbàdàn, ilẹ̀kùn àti àga ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa ń fín lọ́nà. Oníbàárà mi kan tí ó ń kọ́ ọfà títa ti wá ní kí n bá òun ṣe ọrun onígi tí ó gùn tó ìdúró òun, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé òun yóò máa fi ta ọfà ní tòótọ́, pé òun kò fẹ́ èyí tí a kàn ń gbé kọ́ ara ògiri. Tíìkì tí ó gbẹ dáadáa, tí iṣan rẹ̀ sì tọ́, ni mo lò. Mo lẹ ọparun pelebe mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì ti fá apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ títí tí àwọn méjèèjì fi ń tẹ̀ bákan náà nígbà tí a bá fà á. Igi ìdìmú tí mo lẹ̀ mọ́ àárín ṣì wà bí ó ti wà, mi ò tíì gbẹ́ ẹ.

Ohun tí ó wu oníbàárà yìí ni kí n fín ọnà sí i láti orí kan dé orí kejì, irú èyí tí ó rí lára ilẹ̀kùn tí mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé ọrun lè gba irú ìfín bẹ́ẹ̀ láìkán? Bí kò bá sì lè gbà á, níbo ni mo lè fín, kí ni mo sì lè fi ṣe ibi tí ó kù lọ́ṣọ̀ọ́?

Ọmọ Agbẹ́gilére

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dára tí ẹ béèrè kí ọ̀bẹ tó kan igi. Ilẹ̀kùn tí ẹ ń fín, ojú kan ni ó dúró sí. Ọrun ní tirẹ̀, ìgbàkigbà tí a bá fà á, ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú tí ó kọ sí ohun tí a fẹ́ ta, a máa nà, inú rẹ̀ tí ó kọ sí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ a sì máa fún pọ̀. Iṣan tí ó wà lókè pátápátá ní ẹ̀yìn ni ìnira náà ń pọ̀ jù lé lórí. Bí ọ̀bẹ ìfín bá gé e kọjá, kódà kí ojú rẹ̀ má jìn ju nínípọn èékánná lọ, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, lọ́jọ́ tí ó bá sì pinnu láti kán, yóò fò mọ́ ẹni tí ó fà á lórí. Ti ọparun tilẹ̀ tún le ju ti igi lọ, nítorí pé ìtòsí awọ òde rẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí. Ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án rárá.

Ibi ìdìmú ni oko yín. Àárín ọrun kò gbọdọ̀ tẹ̀, ó sì máa ń tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà: bí ìdajì rẹ̀ ni ọwọ́ ń dì mú, ìyókù ni ibi tí ó ti ń rọra fẹ́lẹ́ lọ sí apá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ lè fín ibi tí ọwọ́ ń dì mú àti òkè rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dúró kí ẹ tó dé ibi tí ó ti fẹ́lẹ́, nítorí ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú iṣẹ́ apá ọrun.

Bí èmi bá ni, n ò ní fín igi ìdìmú bí ó ti wà yẹn. N ó fá a wálẹ̀, n ó la igi àyàn tí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè àti igi osùn tí ó pupa sí pelebe pelebe, kí ìkọ̀ọ̀kan nípọn tó 3 mílímítà, n ó sì fi epoxy lẹ̀ wọ́n léra, ìyeyè lórí pupa, títí yóò fi ga tó. Rọ́bà inú táyà tí a gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi dì í pinpin, nítorí pé ó máa ń tẹ̀ lé ìyíká igi ju kíláǹpù lọ. Tíìkì ní epo lára, ẹ fi acetone nù ún kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Nígbà tí ẹ bá wá fi fáìlì yí i po kí ó lè bá àtẹ́lẹwọ́ mu, àwọn ìlà náà kò ní tọ́ mọ́: wọn yóò jáde ní òbírí òbírí, èyí tí ó kéré nínú èyí tí ó tóbi, láìjẹ́ pé ọ̀bẹ fín ohunkóhun. Èmi ka ìyẹn sí ọnà tí ó dára ju ọ̀pọ̀ ìfín lọ.

Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà a máa to iṣẹ́ wọn báyìí: ọnà lílé (gbígbẹ́ ìrísí ńlá rẹ̀ jáde), àlétúnlé (títún un gbẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ lè yọ), dídán, kí fínfín tó kẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ta ọrun náà dáadáa kí fínfín tó wọlé.

Ìyá Aláró

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọkùnrin. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ọmọ Agbẹ́gilére, àfi ti osùn tí ó fẹ́ fi sí ẹ̀gbẹ́ àyàn. Bí ẹ bá fi sánpépà ha wọ́n pọ̀, ìyẹ̀fun pupa yóò wọ inú ihò àyàn, kò sì ní mọ́ mọ́. Èyí tí ó tún burú ni pé osùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ nínú sípíríìtì àti nínú acetone yẹn kan náà, torí náà bí ẹ bá nu ojú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo ìlà ìyeyè ni yóò pọ́n. Ara tíìkì nìkan ni kí acetone mọ. Ẹ fi atẹ́gùn fẹ́ eruku kúrò, tàbí kí ẹ fi igi dúdú rọ́pò osùn.

Ní ti irú ọnà, ẹ wo aṣọ àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàn Dùn, èyí tí a fi òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí to ojú rẹ̀. Òpó náà dúró ṣánṣán, bí ẹ bá sì fín in sí ibi ìdìmú, ọ̀bẹ yóò máa bá iṣan igi lọ dípò kí ó máa gé e kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ aró lára ọrun, kí ó pa òwú láró kí ó sì fi wé ibi ìdìmú; èlú kì í fẹ́ wọ igi.

Ọmọ Ọdẹ Akínyẹlé

Ọrun tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi kò ní ọnà kankan lára, awọ ni wọ́n fi wé àárín rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀. Ọdẹ kì í fẹ́ ohun tí ń dán nínú igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé oníbàárà ni ó ń sanwó, ẹ má gbàgbé orí ọrun méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ọsán, ìyẹn okùn ọrun, ń jẹ, a sì mọ̀ pé bí ọsán bá já, ọrun dọ̀pá. Ẹ wá ìwo màlúù lọ́dọ̀ àwọn alápatà, ẹ fi ayùn irin gé e ní pelebe, kí ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, kí ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tutù. Òórùn rẹ̀ yóò lé ará ilé síta, kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Ẹ fi epoxy lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọrun, kí ẹ gbẹ́ ojú ìkọ́ ọsán sínú ìwo náà dípò igi. Ó lè dúdú, ó lè ní abilà. Bí ẹ bá ti dán an, ó tó ọnà. Ẹ jẹ́ kí ó kéré o: orí tí ó bá wúwo a máa dín eré ọfà kù.

Káfíńtà Bẹẹrẹ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àyàn àti igi dúdú ni n ó lò, òpó Mápó ni n ó sì fín. Oníbàárà náà gbà, ó kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí nǹkan kékeré kan ṣì wà lára apá òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ṣé mo lè fi irin gbígbóná kọ ìlà sí i?

Ọmọ Agbẹ́gilére

Ní inú ọrun nìkan, kí irin náà má gbóná jù, kí ìlà náà máa bá iṣan igi lọ. Àwọ̀ búráùn ni kí ẹ máa retí. Bí ó bá ti dúdú, igi ti jóná, kò sì ní lágbára mọ́ níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn, ẹ ra awọ ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, kí ẹ fá inú rẹ̀ kí ó fẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọparun. Ẹ fi sánpépà kíkúnná kan ojú ọparun fẹ́rẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú, kí ẹ má ha á wọ inú. Àwọn kan á dárúkọ awọ òjòlá fún yín. Títà rẹ̀ kọjá ẹnubodè wà lábẹ́ òfin àgbáyé, ẹ fi í sílẹ̀.

Nígbà tí awọ bá gbẹ, ẹ kọ́ ọsán, kí ẹ fa ọrun náà ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bóyá apá kan ti ń tẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ó bá rí bákan náà, ẹ kun fáníìṣì yí i ká, títí kan abẹ́ ìwo, kí ọ̀rinrin òjò má bàa rí ibi wọlé.