Púlọ́ọ̀gì kẹrin kọ̀, kò jáde. Ṣé kí n máa tú u lọ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mọ́tò mi. Ó ń gbọ̀n jìgìjìgì bí mo bá dúró láì pa á, epo sì ń tètè tán, ni mo bá ra púlọ́ọ̀gì (èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) àti wáyà rẹ̀ tuntun. Owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì bù fún mi ju owó ọjà lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe é.

Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù dáadáa. Wáyà kan ni mo ń yọ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀ kí n tó kan òmíràn, kí wọ́n má baà ṣì mí lọ́wọ́. Mẹ́ta jáde wẹ́rẹ́. Ìkẹrin yí díẹ̀, kò tó ìdámẹ́rin ìyípo, ló bá gan pa. Mo fọ́n epo tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà sí i, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo dè é padà díẹ̀, mo tún tú u. Ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí irin ń jẹ irin. Alumíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, ẹ̀rù ń bà mí kí ìlà inú ihò tí púlọ́ọ̀gì ń wọ̀ má lọ bó. Ta ló tilẹ̀ rán mi níṣẹ́?

Àwọn kan ní kí n tan ẹ́ńjìnnì kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó tú u, ìwé ọkọ̀ sì ní ó gbọ́dọ̀ tutù. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ẹ gbà mí: ṣé kí n dè é padà, kí n mú un gbóná díẹ̀, kí n tún gbìyànjú, àbí kí n dáwọ́ dúró kí n wà á lọ bá mẹkáníìkì báyìí?