Ọ̀pá driver mi kán, mo fẹ́ ìmọ̀ràn kíákíá kó tó di Sátidé

Ọmọ Onírèké: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀pá driver mi kán lónìí níbi tí mo ti ń dánra wò. Ìdíje wa ní Ibadan Golf Club di Sátidé, 7:30 àárọ̀. R (ọ̀pá tó rọ̀ díẹ̀) ni kí n rà ni àbí S (èyí tó le)? Ta ló sì lè bá mi lẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn níbí? Ẹ jọ̀ọ́, Ọjọ́bọ̀ la wà yìí.

Bàbá Jẹ́ríkò: Ọmọ mi, o ò tíì sọ nǹkan kan. Orí driver wo lo ní? Báwo lo ṣe ń yára fì í sí? Lẹ́tà ara ọ̀pá ò ní òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ ń lò. R ti ibì kan lè le tó S ti ibòmíì. Bí bọ́ọ̀lù rẹ ṣe ń fò ni kó o wò. Tó bá ń fò tó nǹkan bíi 200 sí 230 yáàdì kó tó kanlẹ̀, R. Tó bá ti lé ní 240, wá S lọ. Má ka ti ọjọ́ tí atẹ́gùn gbé e o, èyí tó o ń gbá lójoojúmọ́ ni mò ń wí.

Mẹkáníìkì Gate: Shaft wo ni, tọ̀tún àbí tòsì? Ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate láàárọ̀ kùtù, tòkúnbọ̀ tó dáa wà níbẹ̀. Ẹ mú èyí tó kán dání kẹ́ ẹ lè ka eyín rẹ̀ mọ́ tuntun.

Ọmọ Onírèké: Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n, igi gọ́ọ̀fù ni o, kì í ṣe ti mọ́tò. Bàbá, orí tí ilé iṣẹ́ TaylorMade ṣe ni sà. S ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àbíkẹ́ Bódìjà: Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́dún tó kọjá mo ra ọ̀pá àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun á bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kékeré ẹnu rẹ̀ tó ń wọ inú orí driver. Iṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ṣe tán. Mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kan tí èmi àtàwọn àlejò jọ ń gbá, mo fì í báyìí, mo gbọ́ "tá!", ọwọ́ mi fúyẹ́. Orí ti já! Ó fò gba ẹ̀gbẹ́ etí kádì mi, ọmọ tó ń bá mi gbé báàgì, kọjá, ó lọ balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yí lọ nínú koríko. Ńṣe lọmọ yẹn jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wo ẹnu ọ̀pá, gọ́ọ̀mù ibẹ̀ funfun, ó ń rún bíi bisikíìtì. Super glue ló fi lẹ̀ ẹ́, èyí tí wọ́n fi ń lẹ bàtà. Mo pe ẹni náà, kò gbé e. Títí dòní, tí mo bá ti fa driver yọ, mo máa ń ní kí kádì bọ́ sẹ́yìn mi. Àbúrò, ẹ fi R àti S sílẹ̀ ná. Ta ló máa bá ẹ lẹ̀ ẹ́?

Tẹ́ẹ̀ Àkọ́kọ́: Háà, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Epoxy ni wọ́n ń lò, oríṣi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀. Kí wọ́n ha ẹnu ọ̀pá dáadáa kí wọ́n tó fi sí i, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Kádì Tẹ́lẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, kò pọn dandan. Epoxy tó ń yára gbẹ wà. Mo ti fi lẹ púpọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, onígi á ti máa gbá a.

Tẹ́ẹ̀ Àkọ́kọ́: Ojú rẹ̀ ló gbẹ, inú lè má tíì gbẹ. Ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ dán an wò.

Kádì Tẹ́lẹ̀: Èmi gan-an ni ọmọ ọlọ́mọ yẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé báàgì, n ò ní fi ẹ̀mí ẹgbẹ́ mi ṣeré.

Àbíkẹ́ Bódìjà: Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á níyànjú kó dúró.

Olùkọ́ Mókólá: Kì í ṣe ọ̀pá. Ìbàdí ẹ ni. Wá bá wa ní pápá IITA lọ́jọ́ Sunday, ká wo bó o ṣe ń yí i.

Bàbá Jẹ́ríkò: Sátidé ló bi wá o. Ọmọ mi, irin ẹnu ọ̀pá Callaway ò lè wọ orí TaylorMade, yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó sanwó. Wo ìwúwo náà. Gíráàmù 50 àti 70 kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn nígbà tó o bá dé ihò 16 tí èjìká ti ń ro ẹ́. Ọ̀pá tó bá le jù fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á máa fò nílẹ̀, á máa yà sọ́tùn-ún. Òjò ọ̀sẹ̀ yìí sì ti mú ilẹ̀ rọ̀, bọ́ọ̀lù ò ní yí. Níbo ni tìrẹ máa ń yà sí?

Ọmọ Onírèké: Ọ̀tún sà. 210 náà ló sì ń fò.

Bàbá Jẹ́ríkò: R. Gíráàmù 60, má kọjá ibẹ̀.

Ọmọ Onírèké (Ẹtì, 6:10 ìrọ̀lẹ́): Ẹ ṣé gan-an ni gbogbo yín. S ni mo rà, gíráàmù 65. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. S lọwọ́ mi ti mọ̀ láti ọdún mẹ́rin, òun sì ni èyí tí mo rí tí irin ẹnu rẹ̀ bá orí driver mi mu. Epoxy ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi pò ó. Aago mẹ́rin ni wọ́n ṣe tán, wákàtí 24 ò ní pé kí n tó gbá. Àǹtí Àbíkẹ́, mo ti gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá. 3-wood, igi tó tẹ̀ lé driver, ni màá fi gbá lọ́la.