Re: Àbímọ́ àti "àtọ́mọ́": ta ló tọ́ Tom Driscoll?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé, bí a bá ń kọ̀wé lórí Pudd'nhead Wilson, ìwé ìtàn àròsọ tí Mark Twain ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1894, kí a máa pe ìwà tí a bí mọ́ni (nature) ní "àbímọ́", kí a sì máa pe èyí tí ilé àti àwùjọ fi kọ́ni (nurture) ní "àtọ́mọ́". Àbímọ́ kò lẹ́jọ́. Àtọ́mọ́ yìí ni kò ṣe é gbé mì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohùn. "Atomo" ni ẹ̀gbọ́n kọ, láìsí àmì kankan. Ẹni tó bá wá kà á sí àtọ̀-mọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó dúró fún ẹ̀kọ́ ilé ti di ti àtọ̀ baba nìyẹn, ó ti sá lọ bá àbímọ́!

Ká tilẹ̀ fi àmì sí i, "tọ́" fúnra rẹ̀ ni mo ń bá jà. Ohun tó bá tọ́ kì í wọ́. Ta wá ló tọ́ Tom? Roxana, ẹrú ní Dawson's Landing létí odò Mississippi, gbọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń halẹ̀ pé òun yóò ta ẹrú sí ìsàlẹ̀ odò, ìyẹn ìhà gúúsù níbi tí ìyà ẹrú ti le jù. Ẹ̀rù bà á, ó fi ìkókó rẹ̀ pààrọ̀ ti ọ̀gá. Ọmọ ẹrú di Tom, àrólé. Àrólé di Chambers, ẹrú. Gbogbo ilé ń kẹ́ Tom, Roxana alára ń kẹ́ ẹ, títí tó fi di atatẹ́tẹ́, di olè, di apànìyàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbà kó tún ta òun kó lè rówó san gbèsè, ìsàlẹ̀ odò kan náà ló tà á sí, sí oko òwú ní Arkansas. Ọmọ tí a kò kọ́ máa ń gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti èyí kọjá ilé. Àkẹ́bàjẹ́ nìyẹn. Chambers ńkọ́? Ìyà ni wọ́n fi wò ó dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá a padà sípò, kò mọ̀wé, èdè ẹrú ló ń sọ, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀ ní pálọ̀ òyìnbó, àfi ní ìdáná. Èyí náà, àtọ́mọ́ ni?

Àbá tèmi ni "àbánílé": ohun tí ọmọ bá nílé, ì báà dára, ì báà burú, bíi ti àbáláyé. Ẹnì kan ti kọ sí mi ní kọ̀rọ̀ pé ó jọ ẹrù tí ajogún bá ní yàrá olóògbé. Kò burú. Ẹ má sì fi ìwé ẹ̀rí gírámà dẹ́rù bà mí. Ìyá ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì pe ọmọ tí a kẹ́ bàjẹ́ ní ọmọ tí a tọ́ rí.

Ìtẹ̀ka tí agbẹjọ́rò Wilson fi tú àṣírí ni àbímọ́ gidi nínú ìwé náà, kò sì sọ nǹkan kan nípa ìwà. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì tí Twain ka ìwé rẹ̀ ti 1892 lórí ìtẹ̀ka, ló sì sọ ọ̀rọ̀ méjì tí à ń túmọ̀ yìí, nature àti nurture, di gbajúmọ̀.

Ẹni tó pe Roxana ní "aláwọ̀ dúdú", àwọ̀ wo? Ìdá kan nínú 16 ni ti dúdú nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìdá kan nínú 32 ni ti ọmọ rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lára òyìnbó. Òfin àti àṣà ló sọ wọ́n di dúdú. Síbẹ̀, nígbà tí Tom kọ̀ láti fi ìbọn bá ẹni tó gbá a nípàá jà, Roxana ní ìdá kan yẹn ló sọ ọ́ di ojo. Obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yàtọ̀!

Fún "race", "ìran" ni kí ẹ lò, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé "ẹ̀yà" ni. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà ni ẹ̀yà. Kí ẹni tó ń kọ "ẹlẹ́yàmẹ̀yà" káàkiri wá ṣàlàyé ara rẹ̀.