Sensọ̀ ni àbí wáyà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Tókúńbọ̀ ọdún 2006 ni mò ń wà láti Ṣómólú lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fẹ́ tètè jí láàárọ̀. Tó bá wá jí, èéfín dúdú ni, òórùn epo á gba gbogbo àgbàlá, ìyá onílé á máa wúkọ́ lójú fèrèsé. Fáànù á ti máa yí kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá. Epo tó ń gbé mi dé Jímọ̀ tẹ́lẹ̀, Ọjọ́rú ló ń tán báyìí.

Rewáyà fi skánà yẹ̀ ẹ́ wò, P0118 ló gbé jáde, kóòdù àṣìṣe sensọ̀ tó ń wọn bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Skánà ní omi náà wà ní -40°C. Nínú oòrùn Èkó yìí! Rewáyà ní ká ra brain box tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Mi ò dá a lóhùn.

Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sensọ̀ náà fúnra mi. Ọ̀kan nínú irin méjèèjì ti dípẹtà, ó ti di aláwọ̀ ewé. Mo fi mítà wọn sensọ̀: nǹkan bíi 2,000 ohm nígbà tó tutù, ó já sí 300 nígbà tó gbóná. Lójú tèmi, sensọ̀ ò ṣẹ̀.

Tí mo bá fi wáyà kékeré so ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì pọ̀, tí skánà sì fò lọ sí gbígbóná gan-an, ṣé ìyẹn tó láti mọ̀ pé brain box ò ní nǹkan kan? Ṣé kí n kàn fọ irin yẹn ni, àbí kí n lọ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ní ọjà Ládípọ̀?