Ajẹ́ńtì bọ́ọ̀lù yìí ń kọ mí lóminú, bàbá mi sì fẹ́ ta ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 17 ni mí, Abẹ́òkúta la wà. Ẹ̀yìn apá òsì ni mò ń gbá. Bàbá mi ló kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù, àwọn ló sì ń jí mi ní ìdájí láti sáré.

Ajẹ́ńtì kan ní òun máa mú mi lọ sí kílọ́ọ̀bù kan ní Pọ́túgàl, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ san owó físà. Ilẹ̀ tí bàbá mi jogún ni wọ́n fẹ́ tà. Mo ka òfin FIFA fún wọn: kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè kì í sábà lè gba ọmọ tí kò tíì pé 18, àyàfi bí àwọn òbí rẹ̀ bá ń kó lọ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn sọ ọ́, wọn ò dáhùn. Mo bi ajẹ́ńtì ní láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí FIFA ń fún ajẹ́ńtì, ó ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́: báwo ni mo ṣe lè wá orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ FIFA? Ìwé wo látọ̀dọ̀ kílọ́ọ̀bù náà ni kí n ní kó mú wá, tí bàbá mi ò fi ní rò pé ṣe ni mò ń rí wọn fín?