Ọmọ tó sáré gun àtẹ̀gùn àti èyí tó rọra gùn ún: ta ló ṣiṣẹ́ jù?

Olùkọ́Físíìsì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ọdún 12 sí 14 ni mò ń kọ́. Gbogbo wọn gbà pé ẹni tó sáré gun àtẹ̀gùn ṣiṣẹ́ ju ẹni tó rọra gùn ún lọ. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí ìyàtọ̀ iṣẹ́ àti agbára, láìsí irinṣẹ́ olówó ńlá?

Àgbà_Ìwọ̀n: Àtẹ̀gùn yẹn náà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi rúlà wọn gíga ìpele kan, kẹ́ ẹ ka iye ìpele. Ìpele 20 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, mítà 3 nìyẹn. Ẹ gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ kílò 45, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀ (9.8 ló péye jù, àmọ́ 10 tó fún wọn): newton 450 ni ipá tí ilẹ̀ fi ń fà á. Iṣẹ́ ni ipá tá a fi gíga sọ di púpọ̀, joule la fi ń wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 450 × 3, ìyẹn joule 1,350, ì báà sáré, ì báà rìn.

Aago ló máa fi ìyàtọ̀ hàn: agbára ni iṣẹ́ tá a fi àkókò pín, wáàtì la fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 15, 1,350 ÷ 15 = wáàtì 90. Bó bá lo 5, wáàtì 270. Iṣẹ́ kan náà, agbára ìlọ́po mẹ́ta. Kí ẹni tó ń sáré di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú o.

Adé_Láàbù: Ẹ ṣọ́ wọn níbi gíga yẹn. Àwọn kan á na téèpù lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àtẹ̀gùn, iṣẹ́ á wá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òkè tààrà là ń wọ̀n. Àwọn mìíràn á fi kílò ṣe ipá, wáàtì 270 á di 27.

Ìka tó ń tẹ aago náà máa ń pẹ́ díẹ̀. Bó bá fi ìdá 0.2 ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, nínú 5, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 1, ó di ìdá 20. Torí náà, ẹ wá àtẹ̀gùn tó gùn, kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú ìpíndọ́gba.

Olùkọ́Físíìsì: Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n á ní, “Ṣebí ẹni tó sáré ló ń mí hẹlẹhẹlẹ?”

Adé_Láàbù: Òótọ́ ni. Gbígbé ara sókè nìkan ni ìṣirò yìí kà. Iṣan ara tún ń sọ okun (ohun tá a fi ń ṣiṣẹ́, tí joule náà ń wọ̀n) púpọ̀ di ooru, èyí kò sí nínú joule 1,350 yẹn.

Àgbà_Ìwọ̀n: Ẹ fi ti iná mànàmáná kún un. Kílówáàtì-wákàtí, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń ka iná tá a lò, kì í ṣe agbára, okun ni: joule 3,600,000. Gílóòbù wáàtì 10 gbọ́dọ̀ tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ ẹyọ kan.